Ìdàkejì Ẹrú

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá, ó ní kí n sọ ìdàkejì "ẹrú" fún òun. Mo ní kó kọ "òmìnira". Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò tilẹ̀ gbójú sókè kó tó sọ pé, "Ọmọ ni."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òwe wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá mi: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni òwe yìí fi dá ẹrú mọ̀, bí kò ṣe pé kò sí ẹbí nítòsí tí yóò bèèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n fi ń dúró fún owó yíyá láyé àtijọ́, kì í fi í ṣe ẹrú, bó tilẹ̀ ń roko olówó rẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé orí owó tí wọ́n yá, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá sì san ojú owó pé, ó di ti ara rẹ̀. (Iṣẹ́ náà kì í sì dín gbèsè kù rárá, èyí tó burú jáì lójú tèmi.)

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá ẹrú rìn ni "ẹ̀wọ̀n"; lónìí, a ń sọ pé ẹnìkan lọ sẹ́wọ̀n láìrántí irin mọ́. Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, mọ irin náà. Lẹ́yìn tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ki ẹ̀wọ̀n gígùn kan bọ inú irin ọrùn òun àti àwọn yòókù, wọ́n sì fi àgádágodo tì í lórí méjèèjì. Bí àwọn àgbàlagbà bá fi ìbínú fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọdé ló ń bó.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì gbé wọn lọ sí Freetown. Òmìnira nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ti ìyá mi ṣírò rẹ̀, ó tó 1846 kí Àjàyí tó padà di ọmọ, nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i ní Abẹ́òkúta. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè fọhùn, omijé sì ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù.