Ìyẹ́nisí tó fẹ́ẹ̀ di ìdójútini: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Òmù-Àrán

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin wa nígbà tí a ní kí á fi àmì ẹ̀yẹ dá Ìyá Elélùbọ́ lọ́lá. Oṣù kẹwàá ni, oṣù tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú. A ra àńkárá aláwọ̀ píǹkì, a pe onílù, a kọ orúkọ Ìyá sára àmì ẹ̀yẹ. Ohun kan ṣoṣo tí a ò ṣe ni pé a ò bi Ìyá ní ohun tó fẹ́ kí á sọ.

Wọ́n ti gé ọmú òsì rẹ̀. Látìgbà tí ara rẹ̀ ti yá, bí obìnrin bá wá ra èlùbọ́, yóò fà á sẹ́yìn àpò, yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́ta yẹ ọmú wò lẹ́yìn nǹkan oṣù, títí dé abíyá. Yóò ní, "Èyí tí kò dùn ọ́ yẹn gan-an ni kí o bẹ̀rù." Òótọ́ ni. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, a ó sì máa ní wàrà ló dì. Kì í fi ọ̀dọ́bìnrin sílẹ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn MacArthur ní 2005, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìdí tí irú rẹ̀ tó le fi ń mú àwa aláwọ̀ dúdú nígbà tí ọjọ́ orí ṣì kéré.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, nígbà tó kan Ìyá, olùdarí ètò gba gbohùngbohùn: "Ẹ wo ìyá tí wọ́n gé lọ́mú tí kò kú!" Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Àwọn àna tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ ọmọ rẹ̀ wà níjokòó. Ìyá fa ìborùn bo àyà, ó gba àmì ẹ̀yẹ, ó dúpẹ́. Ọjọ́ ọjà méjì gbáko ni a ò rí i nísọ̀.

Èmi ni mo kọ ohun tí ọkùnrin náà kà.

Mo lọ kúnlẹ̀. Ìyá ní, "Akọ̀wé, ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún, mo ti wo ojú rẹ̀ kí n tó sọ ọ́." Àwọn àna ti ń béèrè bóyá àrùn ìdílé ni. Ó di dandan kí nọ́ọ̀sì kan bá wa ṣàlàyé pé àjogúnbá kò ju bíi 5 sí 10 lọ nínú 100.

Ẹnìkan ní, ṣebí Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun náà la jẹjẹrẹ ọmú já, ń sọ tirẹ̀ ní gbangba, tó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1997. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ yẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sí, ẹ gbé ìwé tí ẹ máa kà lọ bá a nílé ṣáájú. Ohun tó bá ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ má bá a jiyàn.

Lọ́dún kejì, mo bi í ní ohun tó fẹ́. Kò ronú rárá: owó ọkọ̀ fún obìnrin méjì tó ti fọwọ́ kan kókó lọ́mú wọn tí wọn ò tíì lọ rí dókítà. Láti Òmù-Àrán, ọkọ̀ kan gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin, òmíràn dé Òkè-Ọ̀sẹ́ níbi tí ilé ìwòsàn Yunifásítì wà. Bí dókítà bá ní kí o padà wá gbèsì, owó náà di ìlọ́po. Ẹ̀rù ń bà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni wọ́n ń fi bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Owó onílù ọdún àkọ́kọ́ ì bá ti tó o, tó ṣẹ́kù. Ìyá ló bá wọn lọ. Kókó lásán ni ti ọ̀kan. Ìkejì ti ń gba ìtọ́jú.

A ò ya fọ́tò kankan. Àmì ẹ̀yẹ ọdún àkọ́kọ́ wà nísọ̀ Ìyá, ó fi ń tẹ ọ̀rá èlùbọ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e.