Iṣẹ́ asà Gíríìkì, apá kẹrin: idẹ wo gan-an ni idẹ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kì í ṣe pé mo ti pa asà yìí tì, èyí tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe bíi ti àwọn jagunjagun Gíríìkì àtijọ́, idẹ ló dá mi dúró.

Igi ti parí. Poplar ni mo lò, torí asà tó wà ní mùsíọ̀mù Vatican, èyí tí wọ́n hú nínú ibojì ní Bomarzo nílẹ̀ Ítálì, poplar ni igi inú ẹ̀. Mo lẹ pákó mọ́ pákó, mo gbẹ́ ẹ títí ó fi jinú bí àwo ńlá, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90. Ó wá ku àwọn nǹkan inú ẹ̀: porpax, ìyẹn idẹ tó tẹ̀ kọdọrọ láàárín asà tí apá òsì máa ń gbà abẹ́ ẹ̀ kọjá dé ìgbọ̀nwọ́, antilabe tí ọwọ́ máa dì mú létí asà lọ́hùn-ún, àwọn òrùka wẹ́wẹ́ tí okùn máa gbà yí inú ká, àti ìṣó.

Mo ra idẹ pẹlẹbẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń tà á kọ "bronze" gàdàgbà síbẹ̀. Ó dé, mo yọ ọ́ nínú bébà, ó ń dán bíi góòlù ẹ̀tàn ọjà alẹ́, ara fu mi. Mo fi fáìlì ha etí ẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí ojú ẹ̀ gangan, mo wá tò ó sójú fèrèsé pẹ̀lú wáyà bàbà kan àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wa àtijọ́. Àfi bí ìbejì, òun àti kọ́kọ́rọ́! Bíráàsì ni. Mo kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni, kò fọhùn títí di òní.

Ẹ wò ó, lẹ́nu tiwa idẹ ni méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà. Àwọn òyìnbó gan-an tó pín in sí méjì ṣì ń ṣì í pè, ṣebí àwọn orí Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, "bronze" ni wọ́n ń pè wọ́n káàkiri, bẹ́ẹ̀ bíráàsì ló pọ̀ jù nínú wọn, òmíì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Ṣùgbọ́n tó bá kan asà Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà àti tánganran ni wọ́n ń yọ́ pọ̀, ìyẹn ni bróǹsì, tánganran ẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bíráàsì tèmi yìí, síǹkì ló wà nínú ẹ̀ dípò tánganran, àwọn ará Róòmù ló sọ ìyẹn di nǹkan gbogbo ayé nígbà tó yá. Tí mo bá kàn án mọ́ irú asà táwọn ará Áténì gbà lọ́wọ́ Spátà ní Pylos lọ́dún 425 ṣáájú ìbí Jésù (ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní mùsíọ̀mù Agora ní Áténì, wọ́n lu lẹ́tà sójú ẹ̀ pé Pylos la ti gbà á), àṣìṣe ńlá ni.

Bróǹsì tó ní ìdá mẹ́wàá, èmi ò rí pẹlẹbẹ ẹ̀ rà. Èyí tí mo rí ni irú bróǹsì kan tí wọ́n ń pè ní PB102, tánganran ẹ̀ bí ìdá márùn-ún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Kò pé, mo gbà, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ pupa dáadáa. Mo gé e, mo gbé e lé gẹdú igi, mo ń fi òòlù onígi tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ó ń lọ dáadáa, bí mo ṣe ní kí n lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, pàì! Ó là láti etí. Ìyàwó mi yọjú, ó ní "Dádì, ṣé ogun ń bọ̀ ni?" Èmi ni mo jẹ̀bi, torí bróǹsì, bí ẹ bá ṣe ń lù ú ló ṣe ń le sí i. Ìkejì ni mo wá fi iná gáàsì sun, mo pa gílóòbù kí n lè rí i tó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo tì í bọ omi, lẹ́yìn náà mo lù ú díẹ̀, mo tún sun ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò là.

Síkúrù kankan ò ní wọbẹ̀. Ọ̀pá bróǹsì ni mo gé fún ìṣó, mo kàn án yọ lódì kejì, mo tẹ ẹnu ẹ̀ padà sínú igi. Kritias, òǹkọ̀wé Áténì àtijọ́ kan, kọ ọ́ pé àwọn ará Spátà máa ń yọ porpax kúrò lára asà tí wọ́n bá wà nílé, kí àwọn ẹrú wọn má baà rí i lò, ìyẹn ni pé tiwọn ṣeé yọ. Tèmi ò ní ṣeé yọ, mi ò ní ẹrú, ìṣó ti jẹ igi.

Fún antilabe, awọ tí wọ́n fi èèpo igi pa ni mo rà, torí awọ tí wọ́n fi kẹ́míkà chrome pa, nǹkan ayé òde òní nìyẹn. Okùn ọ̀gbọ̀ ni ti inú yíká. Wajawaja ẹ̀ ṣì kù, mi ò tíì mọ àwọ̀ tí mo máa pa á láró.

Lánàá mo ki apá bọ porpax fúngbà àkọ́kọ́. Ó gbà mí rẹ́gí, mo gbé asà sókè, mo ń yan káàkiri pálọ̀, àfi ìgbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ tí etí idẹ tí mi ò fá dán já irun apá mi mú. Mo máa fi awọ tẹ́ abẹ́ ẹ̀ kí n tó tún un wọ̀.