Ọṣẹ Dúdú Ló La Mọ́ọ̀dù Mi

Omi táǹkì ni mo fi po POP àkọ́kọ́ tí mo pò nílé. Aago méjì ọ̀sán ni, ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, nínú oṣù Kejìlá, oòrùn sì ti ń pa táǹkì láti àárọ̀. Kí n tó gbé báàfù dé ibi tí igbá tí mo fẹ́ dà á bò wà, POP ti dì gbagidi. Mo wò ó títí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣíṣe mọ́ọ̀dù tí a fi ń mọ àwo amọ̀, ní Stoke-on-Trent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ìlú amọ̀kòkò ni Stoke. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan lọ́dún 1910, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí Josiah Wedgwood lọ́dún 1730. Àwọn ìléru àtijọ́ tó rí bí ìgò gàgàrà ṣì dúró láàárín ilé níbẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń lọ kọ́ mọ́ọ̀dù lọ́wọ́ bàbá kan tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ọmọ ogún ọdún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ẹnu mi ò gbà á. Sà ni mo ń pè é. Nígbà tí ìdí rẹ̀ yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ti mọ ìdajì ohun tí mọ́ọ̀dù jẹ́. Àmọ́ POP ni tiwa, POP a sì máa mu omi. Òkúta tí wọ́n ń pè ní gypsum ni wọ́n fi iná yan, ní nǹkan bíi 150°C, títí ọ̀pọ̀ omi inú rẹ̀ fi lọ. Bí o bá dá omi padà fún ìyẹ̀fun rẹ̀, á tún di òkúta, òkúta tó kún fún ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí. Da amọ̀ tó ṣàn bí ẹ̀kọ sínú mọ́ọ̀dù gbígbẹ, ihò wọ̀nyẹn á máa fa omi rẹ̀, amọ̀ á máa gbára jọ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, a ó da èyí tó kù padà. Èyí tó lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù ni àwo wa. Bó ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, á sì fúnra rẹ̀ fi ògiri sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

POP kílò 1, omi gíráàmù 700: òṣùwọ̀n tí mo kọ́ nìyẹn. Omi ló ń ṣáájú, POP ni a ń wọ́n sí i. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kó mu omi yó, kí o tó rò ó láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú rẹ̀. Bí ipa ìka bá ti ń hàn lórí rẹ̀, dà á. Ó ń gbóná bó ṣe ń dì, nítorí náà kí ọmọdé má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó fi síbẹ̀ o. Ó ń jó èèyàn gan-an.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, síbẹ̀ POP tún dì mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọkùnrin tó ń ṣe POP òkè àjà nílé kejì ló là mí lójú.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi yẹn ló gbóná. Ẹ wo báàfù yín náà, POP àná ṣì wà lára ẹ̀."

Òótọ́ ni méjèèjì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a máa mú POP yára dì, èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀ náà a sì máa mú kí tuntun yára dì. Omi ẹ̀rọ Stoke tutù rinrin, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa kìlọ̀ ẹ̀ fún mi. Ó tẹ báàfù rọ́bà tirẹ̀ wò, POP gbígbẹ ara rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi inú amù màmá mi ni mò ń lò.

Igbá ò ṣòro. Ó fẹ̀ lẹ́nu, ó ń kéré lọ sísàlẹ̀, mọ́ọ̀dù ẹyọ kan ti tó o. Kèrègbè lọ̀rọ̀ wà. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ yọ. Bí o bá fi POP bò ó yíká, àfi kí o fọ́ ọ̀kan nínú wọn. Méjì ni mọ́ọ̀dù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. A ó fi amọ̀ sin ìdajì kèrègbè, a ó da POP bo ìdajì tó yọ síta. Bó bá dì, a ó gbẹ́ ihò róbótó mẹ́ta sí etí rẹ̀, kí apá kejì lè mọ ibi tí yóò jókòó sí. POP kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù, ṣùgbọ́n tó bá kan POP ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n di ọ̀kan nìyẹn, àfi tí ọṣẹ bá wà láàárín. Ọṣẹ tí mo gbé wá láti Stoke sì ti tán lórí apá àkọ́kọ́.

Màmá mi, tí wọ́n ti jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, ní, "Eérú ńkọ́? Eérú ni ìyá mi ń lò."

Mo mọ̀ pé amọ̀kòkò ni ìyá wọn ní Ìlọrin, n kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá ṣàlàyé: ìyá wọn á dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, á ku eérú sí i nídìí, á tẹ́ amọ̀ lé e, á máa lù ú títí yóò fi mú ìrísí ìdí ìkòkò náà. Bó bá le díẹ̀, á ṣí i kúrò, á wá mọ èyí tó kù lé e. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi fọ́tò mọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. N kò béèrè rí.

Mo ní eérú lè ya amọ̀ kúrò lára ìkòkò, àmọ́ POP olómi á gba àárín rẹ̀ kọjá ni. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n mú ike ọṣẹ dúdú jáde.

"Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi se èyí. Fi í dán an wò."

Mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta sí etí POP àti ara kèrègbè, mo ń nù ún láàárín. Mo da apá kejì. Nígbà tó di wákàtí kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí rẹ̀. Ó là sí méjì. Kèrègbè jáde lódindi, màmá mi sì gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọyẹ́ fi gbẹ mọ́ọ̀dù náà. Ní Stoke, ó máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan. N kò gbé e sún mọ́ iná, torí POP tí ooru rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 50°C lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun padà. Mo ti fi mọ́ọ̀dù igbá sílẹ̀ fún ọmọkùnrin oníPOP. Ti kèrègbè wà nínú àpótí mi, láàárín aṣọ. Ike ọṣẹ dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti bàbá Stoke nìyẹn.