Kìlómítà 957 láti Tromsø dé Longyearbyen

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣirò òní dá lórí ọ̀nà òfuurufú láti Tromsø, ní àríwá Nọ́wè, dé Longyearbyen ní àwọn erékùṣù Svalbard. Ẹ má fi máàpù ara ògiri wọ̀n ọ́n. Bí irú máàpù bẹ́ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ òpin àríwá ayé ló ń fẹ ilẹ̀ àti òkun kọjá bí wọ́n ṣe rí.

Tromsø wà ní dìgírì 69.68 sí àríwá àti 18.92 sí ìlà-oòrùn. Longyearbyen wà ní 78.25 àti 15.47. Ìyàtọ̀ wọn sí àríwá jẹ́ 8.57, dìgírì kan níbẹ̀ jẹ́ 60 máìlì òkun (máìlì òkun kan jẹ́ 1.852 kìlómítà), ó di 514. Ìyàtọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 3.45, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á tún fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á rí 207. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà òòró ayé ń sún mọ́ra wọn bí a bá ṣe ń lọ sókè: dìgírì kan tó jẹ́ 111 kìlómítà ní agbedeméjì ayé kò ju 23 lọ ní Longyearbyen. Nítorí náà, ẹ fi 0.276, ìyẹn cosine (iye tí ẹ̀rọ ìṣirò máa ń fún igun kan) dìgírì 74 tó wà láàárín ìlú méjèèjì, sọ 207 di púpọ̀. 57 ló kù. Ẹ fi 514 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 57, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀: 517 máìlì òkun, nǹkan bí kìlómítà 957. Ẹni tó bá gbàgbé 0.276 yẹn á fi nǹkan bí 70 kìlómítà kún ọ̀nà lásán.

Bí bàálù bá ń sá 430 máìlì òkun ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 72 ni. Ẹ fi nǹkan bí 25 kún un fún rírìn nílẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń sá 50 máìlì òkun ní wákàtí kan, tó bá kọjú sí i, á tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé e. Aago ìlú méjèèjì kò yàtọ̀ síra.

Epo ló ṣe pàtàkì jù lójú wa. Kò sí pápákọ̀ mìíràn ní Svalbard tó gùn tó fún Boeing 737, òkun ló sì wà nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi Bjørnøya, erékùṣù kékeré kan tí kò ní pápákọ̀ rárá. Nítorí náà, epo tí bàálù máa gbé gbọ́dọ̀ gbé e padà dé orí ilẹ̀ Nọ́wè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bí afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin láti gúúsù bá kan òkun tútù, kùrukùru á bo gbogbo ibẹ̀. Èrò lè jókòó ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tún bá ara rẹ̀ ní Tromsø. Ojú ọ̀dà ìbalẹ̀ ti Longyearbyen, tí wọ́n ṣí ní 1975, wà lórí ilẹ̀ tó dì gbagidi. Bí òkè ilẹ̀ náà bá yọ́, ọ̀dà á rì níhìn-ín, á wú lọ́hùn-ún, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ti Nọ́wè ni Svalbard, ṣùgbọ́n kò sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà. Wọ́n á yẹ ìwé yín wò kí ẹ tó kúrò ní Tromsø, ìpadàbọ̀ yín sì jẹ́ ìwọlé tuntun. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ béèrè fún.