Oòrùn àti òṣùpá lára àpò oògùn: ọjọ́ mẹ́rin wa lẹ́yìn Kwali

Ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta la gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwa mẹ́rìnlá nínú bọ́ọ̀sì ìjọ, à ń lọ tọ́jú àwọn aláìsàn ní abúlé kan lẹ́yìn Kwali, lágbègbè Abuja, páálí oògùn lábẹ́ ẹsẹ̀, páálí lórí itan. A gba Ìlọrin, a gba Òmù-Àrán, oòrùn ò tíì mú tí a fi dé Ẹ̀gbẹ̀. Níbẹ̀ ni dókítà wa ti ní kí awakọ̀ rọra. Ó nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn ECWA, ó ní ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà, dé sáàárín àwọn Yàgbà. Mo rántí Dókítà George Green tiwa, tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ìlú wa ti ṣẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí mi sí. Àlejò ló gbé iṣẹ́ yìí wá bá wa nígbà náà. Ó ti wá kan àwa náà láti jẹ́ àlejò. Mo ń rò ó títí a fi kọjá Kàbà, tí a fi rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, tí a sì sọdá Ọya ní Jàmátà. Lẹ́yìn ìyẹn, Ábájì, lẹ́yìn náà Kwali, lẹ́yìn náà ọ̀nà amọ̀ tí òjò ti bàjẹ́.

Ilé ìjọsìn àwọn ará abúlé la sọ di ilé ìwòsàn. Bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró, tábìlì kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, igun kan tí a fi ìró méjì kélé fún dókítà. Tèmi ni tábìlì oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan nínú wa ní ká kọ́kọ́ wàásù ní àárọ̀ kí a tó pín káàdì. Màmá olùdarí wa ni kò gbà. Wọ́n ní, “Ẹni tí ibà ń gbọ̀n, ẹ ní kó jókòó gbọ́ ìwàásù? Ẹ kọ́kọ́ gba ibà lára rẹ̀ ná.” Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Aago márùn-ún ààbọ̀ la máa ń gbàdúrà láàárín ara wa, a ó kọ orin kan, a ó ṣí ilẹ̀kùn. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ní láti fi nǹkan kan san owó oògùn, ìbáà ṣe etí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, èrò kún dé abẹ́ igi máńgòrò. Bàbá àgbà kan ti sin ìyàwó rẹ̀ wá, kò bá tiẹ̀ jókòó bí kò bá sí pé àga ṣófo. A wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, 190/110. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti dé 140/90 la ti ń sọ pé ó ga. “Hawan jini,” ni mo sọ, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba Hausa tí mo mọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ara àwọn le, orí nìkan ló máa ń fọ́ àwọn lóòórọ̀. Bọ́ọ̀sì wa ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ìyàwó tí wọ́n sin wá kò ní ju ẹsẹ̀ ríro lọ.

Ọjọ́ náà ni ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Wọ́n gún un lọ́wọ́, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí káàdì àyẹ̀wò. Nígbà tí ìṣẹ́jú 15 pé, ìlà méjì ló hàn. Ibà ni. Kílò 12 ló wọ̀n, hóró kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta: hóró mẹ́fà. Mo kà á sínú àpò, mo kọ “1 x 2” sí i lára, olùkọ́ tó ń bá wa túmọ̀ sọ ọ́ fún un ní Hausa. Ó ní “na gode”, ó lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, n kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó tún dé. Ara ọmọ gbóná ju ti àná lọ. Ó gbé àpò náà lé tábìlì mi, mo tú u. Hóró mẹ́fà pé níbẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Màmá kan wà tó ń ta ọṣẹ àti májì níwájú ilé ìjọsìn, ọmọ Ọ̀fà, Mùsùlùmí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gbé láàárín àwọn Gbagyi, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ti ń kí wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní Gbagyi, wọ́n wá kọjú sí mi.

“Ọmọ mi, kì í ṣe pé kò fẹ́ oògùn yín. Ohun tí o kọ sí i lára ni kò lè kà. Ọkọ rẹ̀ ló mọ̀wé nílé, ó sì ti lọ sí Gwagwalada. Ó ń retí rẹ̀, kó má baà ṣì í lò.”

“Màmá, a sọ fún un lánàá.”

“Hausa lẹ sọ. Hausa ọjà ni tirẹ̀. Ó gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ìgbà wo? Aago wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ ti fi ibà sùn mọ́jú nítorí ìkánjú mi.

Màmá ní, “Dìde. Mú bírò rẹ, ya oòrùn fún un.”

A po hóró àkọ́kọ́, ọmọ náà mu ún lójú wa lẹ́yìn tó ti mu kúnú. Lára àpò tuntun mo ya òṣùpá, oòrùn, òṣùpá, oòrùn, òṣùpá: hóró márùn-ún, àwòrán márùn-ún. Màmá là á yé e pé wákàtí mẹ́jọ ni yóò wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti èkejì, kó fún un bí oòrùn bá ti ń rọ̀. Wọ́n ní kó máa fi èédú pa èyí tó bá ti lò rẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó tún un sọ fún wa. Ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò ṣi ẹyọ kan.

Láti ìgbà náà n kò kọ nọ́ńbà sí àpò kankan mọ́. Màmá Ọ̀fà jókòó tì mí, ọmọ wọn ló ń bá wọn tajà. Iṣẹ́ falẹ̀, àwọn kan nínú wa sì ń kùn pé ìlà ti gùn jù. Mo sọ fún wọn pé oògùn tí kò bá wọ ẹnu, ńṣe la kàn rù ú láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú sí yàrá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ti fún ní ọjọ́ Ajé ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi, Màmá àti olùkọ́ mú ìwé orúkọ, a ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn obìnrin ń ti oko bọ̀, igi ìdáná ní èjìká, kì í ṣe lórí bíi tiwa. Olùkọ́ ní àwọn àgbà Gbagyi gbà pé orí ni ọba ara, a kì í gbé ẹrù lé ọba. Mo fọwọ́ kan orí ara mi. Àwa tí a ń bọ orí láyé àtijọ́, òṣùká la tún gbé lé e. Nílé kan, wọ́n bu omi fún wa láti inú àmù aláwòrán. Bí mo ṣe ń wò ó, ọmọbìnrin kékeré kan sáré wọlé, ó mú ₦20 jáde, ó yí ẹ̀yìn owó náà sí mi, ó na ìka sí obìnrin amọ̀kòkò tó wà níbẹ̀: “Ladi!” Ladi Kwali ni, ọmọ ilẹ̀ wọn. Mo ti ná owó yẹn láìmọye ìgbà, n kò wò ó rí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí. Àwọn kan ti lò ó bó ṣe yẹ. Nílé mẹ́ta, àpò wà níbi tí wọ́n fi í sí, wọn ò tú u. Nílé tó gbẹ̀yìn, wọn ò jẹ́ ká lọ láìjẹun: tuwo àti ọbẹ̀ kúkà, èyí tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní lúrú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la di ẹrù. Bọ́ọ̀sì ti ń ró nígbà tí obìnrin náà dé, ọmọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn níwájú, ó di ìrèké mú. Ìyá rẹ̀ na àpò náà sí mi láti ojú fèrèsé. Èédú ti dú un. Òṣùpá kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀, ti alẹ́ ọjọ́ náà.