Ta ló ń tọ́jú wa? Nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ní Texas

Ohun kan wà tó máa ń bí àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Texas nínú. Wọ́n á pe ilé ìwòsàn pé àwọ́n fẹ́ rí dókítà, wọ́n á sì fún wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò rí nurse practitioner (NP), ìyẹn nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i, tó sì láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni, wọ́n á ní wọ́n fojú di àwọn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní àwọn ọsibítù ńlá nílé, dókítà ló ń kọ oògùn. Nọ́ọ̀sì ló ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, òun ló ń gún abẹ́rẹ́, òun náà ló ń ní ká lọ jókòó títí wọn á fi pè wá. Aláìsàn tó ti ìdájí wá tò, tí kò rí dókítà kó tó padà sílé, á ní wọn ò tíì tọ́jú òun.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, agbẹ̀bí ló gbà wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìgbèríko Nàìjíríà, kò sí dókítà nítòsí. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ ló ń tọ́jú ibà, àwọn ló ń gbẹ̀bí, tí wọ́n sì ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ ní ìwé ìlànà tó sọ oògùn tí wọ́n lè fúnni àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n darí aláìsàn sí ọsibítù. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ètò kan jáde pé kí wọ́n pín díẹ̀ nínú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn dókítà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì sí wa pé kí nọ́ọ̀sì tọ́jú ènìyàn.

Ohun tí Amẹ́ríkà ṣe ni pé wọ́n dá ẹ̀kọ́, ìdánwò àti ìwé àṣẹ sílẹ̀ fún irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Ní 1965 ni nọ́ọ̀sì kan, Loretta Ford, àti dókítà àwọn ọmọdé, Henry Silver, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní University of Colorado. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ di NP gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó tún padà sí yunifásítì lọ gba oyè gíga. Ó lè yẹ ara wò, kó sọ àìsàn tó ń ṣeni, kó sì kọ oògùn.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò lọ sílẹ̀ rárá, a sì mú wọn lọ rí NP. Mọ́mì wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀, wọ́n bi mí ní Yorùbá pé, "Ọmọ yìí náà ni dókítà?" Mo ní nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ó láṣẹ. Wọ́n dákẹ́. Obìnrin náà ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n gbé wá láti ilé jáde. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ka ara páálí kọ̀ọ̀kan, ó ń bi Mọ́mì léèrè ìgbà tí wọ́n ń lo èyí àti ìdí tí wọ́n fi dá tọ̀hún dúró. Oògùn kan náà ni méjì nínú wọn, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló yàtọ̀. Èyí tí wọ́n dá dúró sì máa ń wú wọn lẹ́sẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Kò kánjú títí a fi parí. Ìgbà tó yẹ ká padà lọ, Mọ́mì ní òun ò fẹ́ rí ẹlòmíì.

Kì í ṣe tiwọn nìkan. Ní 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ àkópọ̀ ìwádìí kan jáde tó fi ìtọ́jú NP wé ti dókítà. Ìlera àwọn aláìsàn kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n inú àwọn tó rí NP dùn sí ìtọ́jú wọn jù, NP sì máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn jù. Fún èmi, àkókò yẹn ni àṣírí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí mi ò fara mọ́ níbí. Àwọn ilé ìwòsàn kan kì í sọ fún aláìsàn ṣáájú pé NP ni yóò rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó mọ̀. Ní Texas, NP gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú dókítà kó tó lè kọ oògùn. Ní New Mexico, kò nílò rẹ̀. Aláìsàn kì í sábà gbọ́ nípa àdéhùn yìí, àfi bí dókítà náà bá fẹ̀yìn tì, tí NP rẹ̀ kò sì lè kọ oògùn mọ́ títí yóò fi rí dókítà mìíràn.

Mọ́mì ti padà sílé báyìí. Mátírọ́ọ̀nù tó ń wọn ìfúnpá wọn ní ọsibítù mọ̀ wọ́n ju dókítà èyíkéyìí níbẹ̀ lọ, nítorí àwọn dókítà ń pààrọ̀. Ó rí i bí ìfúnpá náà ṣe ń gòkè, ó kọ ọ́ sínú káàdì, ó ní kí wọ́n lọ tò. Mọ́mì bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí kò lè ṣe bíi ti obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wa yẹn. Mo ní iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀, wọn ò ṣáà tíì fún un láṣẹ ni.