Ta Nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín, ọgbẹ́ náà ò tíì jinná.

Ẹ ṣáà mọ mọ́tò mi. Ó ti lé lóṣù méjì tí nǹkan kan ti ń dún nínú ẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́. Ládùúgbò, kò ní gbin. Àmọ́ kí n ṣáà ti gun Third Mainland láti Òwòrò, kí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í fo oríkèé afárá, gbì, gbì, oníkọ́-kọ́-kọ́ á dáhùn. Afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8! Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún mi kí n tó dé ibi iṣẹ́ ní Marina. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oorun ń kùn mí nínú go-slow, ó dún, mo dáhùn: "Ta nìyẹn?" Ọmọ tó ń ta ìpékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní, "Èmi ni, bọ̀dá. Mélòó lẹ máa rà?" Mo ra méjì. Ojú tì mí.

Mo gbé e lọ bá mekáníìkì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó de bẹ́líìtì torí ẹ̀rù àwọn Road Safety, a jọ lọ sórí afárá, a jọ bọ̀. Mọ́tò dákẹ́ bí ọmọ tó rí ẹgba. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn kankan wá ní, "Ọ̀gá, búṣìn ni." Èmi tí mo kàwé jáde ka ₦38,000 sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì: gbì, gbì, kọ́-kọ́-kọ́.

Inú bí mi, mo di ẹnjiníà. Tí ike bá ń ha ike lára, fóòmù tàbí aṣọ ni wọ́n ń fi sáàárín wọn. Ìyẹn dá mi lójú. Ahun tó wà lára mi ló ba iṣẹ́ jẹ́. Dípò kí n ra fóòmù, mo gé ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́. Ọ̀bẹ tí ìyàwó mi fi ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì ni mo fi ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù. Klípù àkọ́kọ́ dún pá, ó fò lọ síbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ò dé, mo fi òrí pa á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: òrí. Òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ ìkókó lára. Mo pa á yíká pigeonhole, mo kì í bọ etí ihò AC, mo fọwọ́ rà á títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo to gbogbo ẹ̀ padà, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ṣẹ́kù. Mo ní àwọn tó ṣe mọ́tò náà ló ṣàṣejù.

Lọ́jọ́ Sunday, a ti ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ sóde kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mọ́tò ti yan nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta. Bí mo ṣe tan AC, òórùn gbá wa lójú bí ìgbà tí a wọ yàrá ọlọ́mọ tuntun. Òrí ti yọ́. Ó ń kán, tó, tó, tó, sórí ṣòkòtò léèsì funfun mi, ní ibi tí kò yẹ kí àgbàlagbà ti tutù.

Ṣùgbọ́n kò dún! A dé àárín afárá, kò dún. Mo ní, "Ìyá Tóbi, ṣé o gbọ́ nǹkan?" Ó ní rárá. Mo gbé àyà sókè.

Ó wá tú bẹ́líìtì kó lè nawọ́ mú tíṣù lẹ́yìn, kó fi nu ìtìjú mi. Kọ́-kọ́-kọ́.

Irin ẹnu bẹ́líìtì tó rọ̀ sílẹ̀ ló ń lu ike ara òpó ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi fi ìka méjì dì í mú: kẹ́kẹ́ pa. Ó fi í sílẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́. Ó mú un. Ó fi í sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ o, iwájú ló ń wò. Ìgbà tí mekáníìkì wà níbẹ̀, ṣebí àyà tiẹ̀ ni bẹ́líìtì wà!

Ọ̀rọ̀ mekáníìkì ti kúrò lọ́kàn mi báyìí. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi sùn yín. Ó ti sọ fún ìyá ẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo kúáyà. Lánàá, mo wà ní balùwẹ̀, mo ti pọṣẹ sójú, mo gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́.

Mo ní, "Ta nìyẹn?"

Ó ní, "Bẹ́líìtì ni, Bàbá Tóbi."